Ẹni mẹ́jọ ló gun kẹ̀kẹ́, ẹnì kan ló wọ ẹ̀wù: Tour de France tó parí lónìí

ỌmọTáńkẹ̀ · Àìkú 27/7/2025, 8:41 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Eré ti parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ti ṣọ́ọ̀bù mi ní Táńkẹ̀ ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, kí n lè bá wọn níbi tí eré ọjọ́ náà ti ń gbóná, torí nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ tiwa ni wọ́n sábà máa ń dé òpin. Tòní ló pẹ́. Aago mẹ́fà ti kọjá kí wọ́n tó parí ní Paris, òjò sì ń pa wọ́n lórí òkè Montmartre. Wout van Aert, ará Belgium, ló já Pogačar sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gun òkè yẹn kẹ́yìn, tó dá nìkan wọ títì ńlá Champs-Élysées. Mo pariwo débi pé onílé wá kan ilẹ̀kùn mi.

Ẹ̀wù ìyeyè, èyí tí ẹni tó ń ṣíwájú nínú gbogbo eré náà ń wọ̀, ṣì wà lọ́rùn Tadej Pogačar, ọmọ Slovenia. Ìkẹrin rẹ̀ nìyí: 2020, 2021, 2024, àti tọdún yìí. Jonas Vingegaard ará Denmark ló ṣe ìkejì, ìṣẹ́jú mẹ́rin àti sẹ́kọ́ǹdì 24 ló wà láàárín wọn. Florian Lipowitz ọmọ Jámánì ló ṣe ìkẹta.

Ṣùgbọ́n torí ìbéèrè kan ni mo ṣe ń kọ̀wé. Àbúrò mi tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi jókòó tì mí wo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ sọ pé mẹ́jọ ni ẹgbẹ́ kan. Ọkùnrin gíga kan ń bẹ nínú ẹgbẹ́ Pogačar tó jẹ́ pé òun ló ń wà níwájú gbogbo ọ̀wọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Tí òkè bá ti dé, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á sì kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Pogačar á wá lọ gba ẹ̀wù. Kí ló kan ọkùnrin yẹn níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe ìrẹ́jẹ ni?"

Nils Politt, ọmọ Jámánì, ni ọkùnrin gíga náà. Mo sọ fún un pé bí eré náà ṣe rí nìyẹn. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yẹn ò tó. Ẹ bá mi dá a lóhùn.

Àǹtí_Ọ̀ffà · 9:05 alẹ́

Àbúrò yín rí òtítọ́. Èmi ò tíì wo eré yìí dé ọdún kan, ohun tó ń bí mi nínú níbẹ̀ nìyẹn gan-an. Nínú bọ́ọ̀lù, gbogbo wọn ló ń gbé ife, títí dé ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Níbí, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń wọ ẹ̀wù fún.

Ẹ tún bá mi la èyí: ó yé mi pé Pogačar ò ṣe ipò kìíní lónìí. Báwo ni ẹni tí wọ́n já sílẹ̀ ṣe tún jẹ́ olúborí?

Olùkọ́ÒmùÀrán · 9:22 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àǹtí. Ẹ kà á sí gbèsè. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n fi ń gun kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú ìsinmi ọjọ́ méjì láàárín. Gbogbo àkókò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lò lójú ọ̀nà lóòjọ́, wọ́n á kọ ọ́ sí i lọ́rùn. Nígbà tí ó bá parí, wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹni tí gbèsè rẹ̀ kéré jù ló ni ẹ̀wù ìyeyè. Ẹni tó bá ṣe ìkíní, ìkejì tàbí ìkẹta lọ́jọ́ kan, wọ́n sábà máa ń yọ ìṣẹ́jú àáyá 10, 6 àti 4 kúrò nínú tiwọn. Ìdí nìyí tí Chris Froome, tí wọ́n bí sí Nairobi, fi gba ti 2017 láìṣe ipò kìíní lọ́jọ́ kankan. Egan Bernal ọmọ Colombia náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2019. Ní 1989, lẹ́yìn ohun tó lé ní kìlómítà 3,200, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ péré ni Greg LeMond fi ju Laurent Fignon lọ. Mẹ́jọ! Ẹni tó bá sín lẹ́ẹ̀mejì ti lò ó tán.

Ní ti ohun tó kan Politt: yúrò 500,000 ni olúborí ń gbà, àṣà wọn sì ni pé kì í kó o sápò ara rẹ̀. Àpò kan náà ni gbogbo owó tí ẹgbẹ́ bá jẹ ń wọ̀, àwọn tó bá a gun kẹ̀kẹ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n ń pín in fún.

BàbáÒrò · 9:58 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí, mo ń pè é, ó ń kọ ọ́.

Èmi ò mọ Slovenia, ṣùgbọ́n mo mọ afẹ́fẹ́. Ní nǹkan bí 1974, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi máa ń di iṣu sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Raleigh láti Òrò lọ tà ní Àjàsẹ́-Ìpó. Àlọ kì í ni wá lára. Àbọ̀ nígbà ọyẹ́ ni wàhálà, torí afẹ́fẹ́ á dojú kọ wá, á máa da eruku sí wa lójú, ètè á bẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Bọ́ sẹ́yìn mi." Ó ti kọ́ mi pé kí táyà iwájú mi sún mọ́ táyà ẹ̀yìn rẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí n má sì wo ilẹ̀, kí n máa wo ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀. Tí mo bá ti wọ ibẹ̀, ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn wọnú yàrá tó ti ilẹ̀kùn. Ariwo afẹ́fẹ́ á dákẹ́ létí mi, pẹ́dà á fúyẹ́. Tí mo bá fà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún ti gbá mi mú nìyẹn.

Tí a bá fi máa délé, ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n mi á ti rin gbingbin fún òógùn, á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Tèmi á gbẹ. Èmi ni màá sáré lọ pọn omi, torí lára mi ni agbára kù sí. Ìyá wa á máa yìn mí pé ọmọ tó le bí òkúta ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi ò fìgbà kankan sọ pé òun lòun gba afẹ́fẹ́ náà.

Ó ti di ọdún mọ́kànlá tó ti kú. Ọmọ mi fi eré yìí hàn mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin gíga tí ẹ̀ ń sọ yìí ń bẹ níwájú. Mo ní kó dá a dúró níbẹ̀, kí n wò ó dáadáa.

Ṣadé_GaaÀkàǹbí · 10:06 alẹ́

Bàbá, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì.

Oníkẹ̀kẹ́Gánmọ̀ · 10:20 alẹ́

Bàbá ti sọ ọ́ tán. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá, kì í ṣe ọ̀nà. Èmi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Gánmọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá ẹgbẹ́ yẹn tún ń ṣe. Kẹ̀kẹ́ wọn kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju kìlógíráàmù 6.8 lọ, méje irú rẹ̀ kò tíì wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì kan. Tí táyà ọ̀gá bá jò tí mọ́tò ẹgbẹ́ ò sì sí nítòsí, ọ̀kan nínú wọn á bọ́ sílẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ fún un, òun á dúró sí etí títì de òmíràn. Àwọn náà ló ń fà sẹ́yìn lọ bá mọ́tò láti gba omi: ike omi méje mẹ́jọ nínú ẹ̀wù, lẹ́yìn, láyà, wọ́n á wú bí aboyún, wọ́n á tún gun kẹ̀kẹ́ lé ọ̀wọ́ bá pẹ̀lú ẹrù yẹn. Ẹ gbìyànjú kí ẹ gbé omi ṣáṣẹ́ẹ̀tì ogún gun òkè kan, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn ẹgbẹ́ Pogačar kò tilẹ̀ pé mẹ́jọ dé òpin. João Almeida, ará Portugal, tó yẹ kó jẹ́ igbákejì rẹ̀ lórí òkè, ṣubú ní ọjọ́ keje, egungun ìhà rẹ̀ ṣẹ́. Ó ṣì gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìhà yẹn. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ara ò gbà á mọ́.

AlfaGàmbàrí · Ajé 28/7/2025, 6:32 àárọ̀

Àsàlámù àlékùn. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni mo ka gbogbo rẹ̀. Èmi rò pé àwa ló yẹ kó tètè yé jù, torí àáró ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóko ni: lónìí a lọ sí oko tèmi, lọ́la a lọ sí tìrẹ.

Ẹ wo van Aert tó borí lánàá yẹn. Ní 2022, lórí òkè Hautacam, òun ló fa Vingegaard títí Pogačar fi já lẹ́yìn wọn, Vingegaard ló gba ẹ̀wù ìyeyè ọdún yẹn. Ní oṣù karùn-ún ọdún yìí, nínú Giro d'Italia, irú eré ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta yìí tí wọ́n ń ṣe ní Italy, ó ti lọ síwájú gba òkè Finestre, ó wá dúró de Simon Yates ní ìsàlẹ̀, ó fà á lọ, Yates sì gba Giro. Lánàá, oko tirẹ̀ ni wọ́n lọ. Tim Wellens náà, tó ń ṣiṣẹ́ fún Pogačar: ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀, ó dá nìkan lọ, ó dá nìkan dé Carcassonne.

Àǹtí_Ọ̀ffà · 7:15 àárọ̀

Wàálékùn sàlámù, Alfa. Ẹ má bínú, mi ò gbà pé àáró ni. Àáró ní iye. Tí mo bá bá ọ ro ebè ọgọ́rùn-ún, ebè ọgọ́rùn-ún ló máa bá mi ro, a ò jọ ní máa lọ sóko ẹnì kan ṣoṣo látoṣù dóṣù. Van Aert àti Wellens ní oko tiwọn, ó dáa. Ìgbà wo ni wọ́n máa lọ sóko Politt? Ẹni tó ń gbé omi yẹn ńkọ́? Iṣẹ́ alágbàṣe ni. Wọ́n gbà á síṣẹ́, wọ́n sanwó fún un. Ìyẹn náà kò burú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká pè é ní orúkọ rẹ̀.

Olùkọ́ÒmùÀrán · 7:40 àárọ̀

Àǹtí là á mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ agbàṣe ni lóòótọ́, àdéhùn wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé. Àwọn mìíràn lè gun kẹ̀kẹ́ ọdún mẹ́wàá láìborí lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì ń wá wọn kiri torí wọ́n mọ iṣẹ́ wọn.

ỌmọTáńkẹ̀ · 8:10 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi ọjọ́ kẹsàn-án kún un. Kò sí ọjọ́ tí mo fẹ́ràn tó o nínú gbogbo eré tọdún yìí, bẹ́ẹ̀ ẹni tí mo ń sọ ò borí níbẹ̀.

Jonas Rickaert, ará Belgium, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sáré níwájú Jasper Philipsen títí di ìwọ̀nba mítà díẹ̀ sí òpin, kó wá yà kí Philipsen kọjá lọ borí. Philipsen borí lọ́jọ́ kìíní ní Lille. Ní ọjọ́ kẹta ó ṣubú, egungun èjìká rẹ̀ ṣẹ́, ó lọ sílé pẹ̀lú ẹ̀wù àwọ̀ ewé, ti ẹni tó kó máàkì jọ jù, lọ́rùn. Rickaert wá kù láìní ẹni tó máa sáré fún. Ó ti pẹ́ tó ti ń lálàá pé kóun náà dúró sórí pèpéle Tour de France lẹ́ẹ̀kan láyé òun. Mathieu van der Poel, ìràwọ̀ ẹgbẹ́ wọn, ẹni tó ti wọ ẹ̀wù ìyeyè lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ní ká lọ.

Bí wọ́n ṣe fọn fèrè ní Chinon ni àwọn méjèèjì já síwájú. Kìlómítà 174 ló wà níwájú wọn, ilẹ̀ tẹ́jú, kò sí òkè tó máa dí àwọn tó ń lé wọn lọ́wọ́. Gbogbo ẹni tó mọ̀ nípa eré yìí ló mọ̀ pé wọ́n máa mú wọn. Ẹni méjì ń pín afẹ́fẹ́ láàárín ara wọn, ọkùnrin tó lé ní àádọ́jọ ń pín in lẹ́yìn wọn. Nígbà tó ku nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà, ẹsẹ̀ Rickaert parí. Van der Poel dá nìkan lọ, wọ́n sì mú un nígbà tí kò ku kìlómítà kan mọ́. Tim Merlier ló borí.

Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fún ẹni tó jà jù lẹ́bùn. Rickaert ni wọ́n pè. Ó dúró sórí pèpéle yẹn, ojú rẹ̀ dúdú fún eruku, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá ló lọ sóko ọmọ iṣẹ́.

Àǹtí_Ọ̀ffà · 8:31 àárọ̀

Ẹ ti mú mi níbẹ̀ yẹn. Lóòótọ́.

Ṣadé_GaaÀkàǹbí · 12:50 ọ̀sán

Mò ń dirun fún oníbàárà lówùúrọ̀ ni mi ò fi tètè fèsì. Nínú ṣọ́ọ̀bù ìdirun yìí náà ni mo wà ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2024, fóònù mi wà lára dígí, nígbà tí Biniam Girmay ọmọ Eritrea kọ́kọ́ dé òpin ní Turin. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó borí lọ́jọ́ kan nínú Tour de France láti 1903 tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo jù kóòmù sílẹ̀. Oníbàárà mi rò pé ẹnì kan kú nílé wa. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, òun náà dìde wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló borí lọ́dún yẹn, ó sì gbé ẹ̀wù àwọ̀ ewé lọ sílé.

Ẹ máa rántí Daniel Teklehaimanot tó ṣíwájú rẹ̀. Ọmọ Eritrea lòun náà, ní 2015, òun ni aláwọ̀ dúdú ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó wọ ẹ̀wù àwọn agunkè, èyí funfun alámì pupa yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó mọ Girmay ni ò mọ̀ ọ́n. Nínú eré yìí, ẹni tó gba afẹ́fẹ́ fúnni kì í ṣe inú ẹgbẹ́ kan náà nìkan ló ń wà, ó lè fi ọdún mẹ́sàn-án ṣíwájú ẹni.

Lọ́dún yìí, ipò kejì ni Girmay ṣe ní Lille lọ́jọ́ kìíní, kò sì borí lẹ́yìn náà. Ó dùn mí gan-an.

Tiwa ńkọ́? Ní Olympics Paris 2024, Ese Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà, kò ní kẹ̀kẹ́ tó máa fi sáré inú gbọ̀ngàn, irú èyí tí kì í ní bíréèkì. Àwọn ará Jámánì ló yá a ní tiwọn, òun fúnra rẹ̀ ló sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba. Ó sáré lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ níwájú gbogbo ayé, kò sì sá. Tí a bá ń ka àwọn tí orúkọ wọn yẹ ká máa pè, ẹ fi tirẹ̀ sí i.

Oníkẹ̀kẹ́Gánmọ̀ · 2:15 ọ̀sán

Ẹ ṣé, Àǹtí Ṣadé.

Àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí a jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ Sátidé láti Gánmọ̀ gba Ìdó-Fíàn lọ, ká tó padà. Òfin àkọ́kọ́ tí mo ń kọ́ wọn kì í ṣe eré. Ìka ni. Ẹni tó wà níwájú ló ń rí ọ̀nà, àwọn tó kù ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ ni wọ́n ń rí, bí Bàbá ṣe wí. Tí kòtò bá wà lápá òsì, á na ìka òsì sílẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà á na tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni títí kan ẹni ìkẹyìn. Tí ọkọ̀ bá dúró sétí ọ̀nà, á gbé ọwọ́ sẹ́yìn ìdí, á jù ú sí apá ibi tí a ó yà sí.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹta, ẹni tó wà níwájú rí kòtò, ó yẹ̀ ẹ́, kò na ìka. Èkejì yẹ̀ ẹ́ lágbára káká. Ẹ̀kẹta, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, wọ inú rẹ̀ tààrà. Mo gbọ́ ọ nígbà tí egungun èjìká rẹ̀ dún. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ó kọjá lára wa ó fun fèrè, kò dúró. Ọlọ́kadà kan ló bá wa gbé e. Ara rẹ̀ ti yá báyìí, ó ti ń gun kẹ̀kẹ́ padà. Ẹni tó wà níwájú lọ́jọ́ yẹn, tí ó bá rí ewé lásán lójú ọ̀nà, á na ìka.

Torí náà mi ò lè pe ẹni iwájú ní ọmọ ọ̀dọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni egungun gbogbo yín wà.

BàbáÒrò · 4:50 ìrọ̀lẹ́

O ṣeun, ọmọ mi. Sọ fún àwọn ọ̀dọ́ yẹn pé bàbá kan ní Òrò kí wọn.

AlfaGàmbàrí · 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Kigali. Láti ọjọ́ 21 sí 28 oṣù kẹsàn-án, Rwanda ni wọ́n ti máa du ipò ọ̀gá àgbáyé nínú eré kẹ̀kẹ́ ojú títì. Kò tíì wá sí Áfíríkà rí. Orí òkè ni ìlú yẹn wà, òkè ni kìkì, wọ́n á sì tún gun ojú òkúta. Wákàtí kan péré ni aago wọn fi ṣíwájú tiwa. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn ni ti àwọn ọkùnrin.

Àǹtí Ọ̀ffà, ohun tí ẹ máa fẹ́ níbẹ̀ rèé: orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ fún, kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ń sanwó oṣù. Tí Belgium bá mú Wellens, ó gbọ́dọ̀ máa lé Pogačar tó fà jálẹ̀ oṣù keje. Wọ́n á wà lórí òkè kan náà, ẹ̀wù á ti yí padà.

Àǹtí_Ọ̀ffà · 5:34 ìrọ̀lẹ́

Háà! Alágbàṣe á wá dé oko bàbá rẹ̀. Mo máa wo ìyẹn.

Oníkẹ̀kẹ́Gánmọ̀ · 5:41 ìrọ̀lẹ́

Ẹ wá sí Gánmọ̀. Ilé ìwobọ́ọ̀lù kan wà nítòsí mi, ẹni tó ni ín gbà kí a lò ó láàárọ̀ kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ wà, kí a ṣáà dá owó epo. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan tí kì í ṣe ọ̀gá, kó máa wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ títí tó fi máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì pe orúkọ rẹ̀ sókè nígbà tó bá yà.

Ṣadé_GaaÀkàǹbí · 5:55 ìrọ̀lẹ́

Mo ń bọ̀. Wàrà wà lọ́wọ́ mi, ti àwọn ìyá Fúlàní tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Màá dín in wá.

ỌmọTáńkẹ̀ · 8:02 alẹ́

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún àbúrò mi. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀gbọ́n Bàbá, ó ní kí n tún un kà. Ó ti padà wo eré òkè Hautacam tọdún yìí lórí fóònù mi, láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwé ìkọ̀wé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń kọ ìṣẹ́jú tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi wà níwájú sí. Ojú ewé méjì ti kún. Àwa méjèèjì ń bọ̀ ní Gánmọ̀.

BàbáÒrò · 8:30 alẹ́

Ẹ fi àga kan sílẹ̀ fún mi níwájú. Ojú mi ò ríran jìnnà mọ́.